Ẹ̀yin tó mọ tíì Longjing, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan fi tíì Longjing ránṣẹ́ sí mi láti Ṣáínà, tíì aláwọ̀ ewé irú èyí tí wọ́n ń yan nínú agbada ní agbègbè Hangzhou. Ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí mo bá fi omi 80°C rẹ ẹ́, á máa ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan, adùn rẹ̀ á sì pẹ́ lọ́fun. (Ṣúgà kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá!) Àmọ́ tí mo bá da omi sí i lẹ́ẹ̀kejì, ó máa ń korò. Ṣé kí n tètè sẹ́ ẹ ni, àbí kí omi má gbóná tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ní wọ́n já a kí ọdún Qingming tó dé, ìyẹn ọdún tí àwọn ará Ṣáínà fi ń tọ́jú ibojì àwọn baba ńlá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Kí ni ahọ́n fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n já lẹ́yìn ọdún náà?