Àìná ni kó ṣíwájú ni, àbí oríkì?

Ọmọ Aké: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ṣé dandan ni kí Àìná jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ lórí ìwé ìbí? Àyè mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: ti ìdílé, àkọ́kọ́, àárín. Orúkọ tí àwọn àgbà máa sọ ọmọ lè tó méje.

Ọmọ Gbágùrá: Dandan ni. Ó mú un tọ̀run wá.

Akọ̀wé Kútọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ tí wọ́n á máa pè é ní kíláàsì ni kó ṣíwájú, torí òun ni WAEC, JAMB àti NIN máa gbé kiri. Àmútọ̀runwá tàbí oríkì lè wà láàárín. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Fọláṣadé á di Folasade lórí ìwé ìbí, Folashade nílé ìwé, ẹ̀rọ ò sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ó di kí wọ́n lọ búra ní kóòtù, kí wọ́n tún gbé e sínú ìwé ìròyìn. Kí bàbá ọmọ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sórí pépà kó tó kúrò nílé, kó sì ka ìwé ìbí náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó dìde níwájú akọ̀wé.

Ìyá Aládìrẹ: Oríkì láàárín, ẹ ṣeun! Kì í gùn, kì í há sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ wo bí ọmọ ṣe wá kẹ́ ẹ tó yàn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ gbà ni Àbẹ̀kẹ́. Èyí tí gbogbo ilé jọ ń kẹ́, Àjọkẹ́. Tó bá ń ké lóru, ẹ pè é ní oríkì, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ẹ ó rí i tí ẹkún á máa rọlẹ̀.

Ọmọ Òwu: Ẹ má kàn kó Adé lé ọmọ tí ilé rẹ̀ kì í jọba o. Ilé Ṣó ní tiwọn, ilé Ọdẹ ní tiwọn, ilé Ifá náà ní tiwọn.

Ọmọ Gbágùrá: Ọba mẹ́rin ló wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá: Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá, Olówu. Agbolé wo ni ò ní ìyá ńlá kan tó ti ààfin wá? Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ́ Adérónkẹ́.

Ọmọ Òwu: Ẹ bi olórí ẹbí ná.

Akọ̀wé Kútọ̀: Ẹ tún wo ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tí wọ́n bí nílùú yìí ní 1900. Frances Abigail ló ṣíwájú nínú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó ló pa wọ́n tì, tó di Fúnmiláyọ̀ mú.

Ọmọ Aké: Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ńkọ́, ṣé ọjọ́ keje ni? Wọ́n ní ti obìnrin nìyẹn.

Ìyá Aládìrẹ: Ti àtijọ́ nìyẹn: obìnrin keje, ọkùnrin kẹsàn-án, ìbejì kẹjọ. Ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo wa ń ṣe báyìí, ọjọ́ ìbí sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni. Ẹ wá obì, orógbó, ataare, iyọ̀, omi, oyin.

Agbẹ̀bí Ìbarà: Ẹ dákun, oyin ò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu! Kòkòrò kan wà nínú oyin tí kì í ṣe àgbà ní nǹkan, àmọ́ ìfun ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan kò lè borí rẹ̀. Á sọ iṣan ọmọ di jọ̀ọ́, kò ní lè mu ọmú, mímí á sì nira fún un.

Ọmọ Gbágùrá: Oyin tí wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ?

Agbẹ̀bí Ìbarà: Kì í ṣe gbogbo oyin ló ní in, ojú ò sì lè dá èyí tó ní in mọ̀. Síse lórí iná lásán kì í pa á. Ẹ ṣe àdúrà yín sí i, kí ìyá ọmọ tọ́ ọ wò, kí àwọn àgbà gbà á kárí. Iyọ̀ náà, ẹnu ìyá ni kó mọ.

Ìyá Aládìrẹ: Ìyá ló ń fún un lọ́mú, àdúrà náà á dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Akọ̀wé Kútọ̀: Kí ẹnì kan jókòó ti àwo owó o, kó máa kọ orúkọ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, àti ẹni tó sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni kí bàbá àti ìyá mú méjì nínú rẹ̀.

Ọmọ Aké: Àìná á wà láàárín. Ẹ̀gbọ́n Gbágùrá, ẹ má bínú.

Ọmọ Gbágùrá: Mi ò bínú. Ẹ ṣáà máa pè é ní Àìná nílé.