Kí ló dé tí wọ́n ń ti ọ̀nà orí òkè nígbà tí yìnyín kò rọ̀ mọ́?

Ọmọ Láfẹ́nwá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta ni èmi àti Màmá wa wà, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin ń wa tírélà ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ó sì máa ń gba Rogers Pass, ọ̀nà kan tó gba àárín àwọn òkè gíga, kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá a dúró létí géètì kan fún wákàtí 4, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Wọ́n ní yìnyín lè ya láti orí òkè bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Màmá kò sùn lóru ọjọ́ náà. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé yìnyín fẹ́ ya, kí sì ni kò jẹ́ kí wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ tètè sá kọjá kó tó ya?

Ẹlẹ́rọ̀ Ìbarà
Ẹ bá wa kí Màmá. Bí yìnyín kò bá tilẹ̀ rọ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ṣì lè máa gbá èyí tó wà nílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan òkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹrù ibẹ̀ máa wúwo sí i. Oòrùn tó ń ràn yẹn pàápàá lè mú kí yìnyín náà dẹ̀ kó sì tú. Àwa tí a dàgbà lábẹ́ Olúmọ lè rò pé bí òkè bá ṣe dúró ṣánṣán tó ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti ń ya jù, torí pé ibi tó bá ga ṣánṣán ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í gbà á dúró kó tó pọ̀.

Kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yìnyín fẹ́ ya, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà náà tún máa ń gbẹ́ kòtò sínú yìnyín, wọ́n á gé ògiri rẹ̀ kó dán, wọ́n á wá máa fi ìka tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà míì, lábẹ́ ìpele tó le bíi pákó, wọ́n á bá òmíràn tí hóró rẹ̀ dà bíi gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa, tí kò so mọ́ra, tó ń dà sílẹ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Orí irú ìpele yẹn ni gbogbo èyí tó wà lókè ti lè yọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo Ti Gbé Calgary Rí
Mo ti gba ọ̀nà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ibi tí yìnyín máa ń gbà ya níbẹ̀ lé ní 100. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà, tí ọkọ̀ kankan kò sí níbẹ̀ mọ́, àwọn ológun Kánádà á yin ìbọn àgbá onímílímítà 105 lu òkè, kí yìnyín lè já wálẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó máa pa.

Ẹlẹ́rọ̀ Ìbarà
Òótọ́ ni. Ní ti ìbéèrè kejì, ọkọ̀ tó dúró ni ewu pọ̀ fún jù. Ká ní ibi tí yìnyín ń gbà kọjá lójú ọ̀nà fẹ̀ tó mítà 100: ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan á kọjá níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4 àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n bí yìnyín kékeré bá dí ọ̀nà níwájú rẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àkókò tó fi wà nínú ewu ti di ìlọ́po 400. Ìdí nìyí tí Peter Schaerer, tó ṣe ìṣirò ewu yìí fún àwọn ọ̀nà Kánádà, fi ka ọkọ̀ tó ń lọ lọ́tọ̀, tó sì ka èyí tó dúró lọ́tọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1910, ní Rogers Pass kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń kó yìnyín tó ti kọ́kọ́ ya kúrò lójú irin nígbà tí òmíràn ya láti òkè tó wà ní òdìkejì, ó sì pa èèyàn tó lé ní 50.

Ẹ bi àbúrò yín léèrè irú igi tó wà níbi géètì náà.

Ọmọ Láfẹ́nwá
Mo ti pè é. Ó ní igi ńláńlá ló wà lápá méjèèjì, tí ẹ̀ka wọn pé.

Ẹlẹ́rọ̀ Ìbarà
Ẹ sọ fún Màmá pé ibi tó dára ni wọ́n dá a dúró sí. Ibi tí yìnyín bá ń ya sí, igi kì í dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Igi kéékèèké tó tẹ̀, tàbí èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ṣẹ́ lápá ibi tó kọjú sí òkè, ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀.