Àmì ni, kì í ṣe àrokò

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí á máa pe àwòrán kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ inú mẹ́nù kọ̀ǹpútà ní "àrokò", bí ẹrù tí àwọn àgbà fi ń ránṣẹ́ láìkọ̀wé, àti pé tó bá yá, àwòrán náà á tó, a ò ní í nílò ọ̀rọ̀ mọ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Orúkọ náà dùn létí, àmọ́ ọ̀nà tó ń mú wa gbà ni mi ò fẹ́.

Ẹ gbọ́ "kò" tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Èmi gbọ́ ìpàdé níbẹ̀: èrò ẹni tó rán an àti ti ẹni tó gbà á ti pàdé kí ẹrù tó kúrò nílé. Kí ló mú kí owó ẹyọ mẹ́fà sọ pé ọkàn mi fà sí ọ? "Ẹ̀fà" ni, "fà" ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́jọ ń kọ́? "Ẹ̀jọ": ọ̀rọ̀ wa jọ. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ o, owó ẹyọ kàn gbé e dé ni. Ẹ kó o fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ló máa kà. Àwọn àgbà tó ń pa àrokò mọ èyí dájú. Àwa tí à ń yá orúkọ lọ́wọ́ wọn ló gbàgbé.

Mẹ́nù kò ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Dígí tí a fi ń wo nǹkan kéékèèké: wíwá ni níhìn-ín, mímú ojú-ìwé tóbi ni lọ́hùn-ún. Díìsìkì floppy, tí a fi ń pa fáìlì mọ́ láyé àtijọ́, ṣì dúró fún "fi pamọ́" lójú àwọn ọmọ tí kò fọwọ́ kàn án rí. Àní kọ̀ǹpútà Xerox Star ti 1981, orúkọ wà lára àwòrán fáìlì àti fódà rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, tí kọ̀ǹpútà ń ka mẹ́nù sí létí, ọ̀rọ̀ nìkan ló ní.

Iṣẹ́ àwòrán ni kí ojú tètè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn náà tó bá mọ níwọ̀n. GNOME, ojú-iṣẹ́ kan fún kọ̀ǹpútà Linux, mú ọ̀pọ̀ wọn kúrò nínú mẹ́nù ní 2009. Apple wá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìlà mẹ́nù nínú macOS Tahoe, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Mac wọn, ní 2025. Bí gbogbo ìlà bá ní tirẹ̀, èwo ni ojú fẹ́ mú? Ẹ fún "pa rẹ́" ní tirẹ̀, kí ọwọ́ má baà ṣì í tẹ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

"Àmì" ni mo fara mọ́. Ẹnìkan ní àmì ohùn ti gba orúkọ yẹn tán. Àmì ohùn gan-an ni ẹ̀rí mi: orí fáwẹ̀lì ló ń gùn, kì í lé fáwẹ̀lì kúrò.

Ẹni tó sì kọ "àròkọ" nígbà tó ń gbè ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ fún olùkọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn sí i bó ṣe yẹ ká tó máa jà lé e lórí.