Mo Ti Rí Ọ̀nà Lọ: Ìparí Ọ̀rọ̀ Kòríà Tí Mo Béèrè
Ẹ̀yin ará, mo padà wá parí ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo béèrè bóyá ọmọ Nàìjíríà tó ní dìgírì lè lọ kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Gúúsù Kòríà. Kò ṣeé ṣe, nítorí pé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè 7 péré ni físà E-2 wọn, ìyẹn físà àwọn olùkọ́ èdè òkèèrè, wà fún tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, Gúúsù Áfíríkà nìkan ló sì wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ mi ní Wuse, ní Àbújá, nítorí ọ̀rọ̀ Kòríà yìí kò sọ èyí fún mi. Vietnam ni mo wá kọjú sí. Ìwé ló gba àkókò jù: ìwé-ẹ̀rí mi kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ti Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, kí ó tó dé ọ́fíìsì aṣojú Vietnam, gbogbo rẹ̀ ní Àbújá níhìn-ín (àwa ará Kubwa rí ojúrere ní ti èyí). Ọ̀la ni mo ń lọ. Màmá mi ti di gààrí àti èlùbọ́ sínú àpótí mi, wọ́n sì ti há a sórí pé wákàtí 6 ni Hanoi, olú-ìlú Vietnam, fi ṣíwájú wa, kí wọ́n má baà máa pè mí lóru. Ẹ ṣeun gan-an.