Báwo ni ẹ ṣe ń tú crossword cryptic tó le gan-an?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Leeds:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tú crossword cryptic, eré fífi lẹ́tà kún àpótí tí olóbó (gbólóhùn tó ń tọ́ka sí ìdáhùn) rẹ̀ máa ń fi ẹ̀tàn sọ̀rọ̀, ní àkókò ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, mo sì ti dé ibi tí mo ti ń parí Quiptic, èyí tí ìwé ìròyìn Guardian ń ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, láìwo ìdáhùn. Olóbó bíi "Broken tinsel is quiet", lẹ́tà mẹ́fà, kò le fún mi mọ́: "broken" ń sọ pé kí n da àwọn lẹ́tà "tinsel" rú, wọ́n á sì di "silent", tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "quiet". Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ti ìwé ìròyìn Times, àwọn gbólóhùn rẹ̀ máa ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi ń rí ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀.

Kí ni ẹ máa ń ṣe nígbà tí ẹ bá ti jókòó ti ọ̀kan fún ogójì ìṣẹ́jú tí lẹ́tà kan kò wọlé? Ṣé ó burú kí n bi íntánẹ́ẹ̀tì? Ọkọ mi ní àlọ́ àpamọ̀ lásán ni, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Lọ́ńdọ̀nù:

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ ta ko ọkọ yín. Bí a bá pàlọ́ pé "Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́", ẹni tó ti gbọ́ ọ rí ni yóò dáhùn pé ọmọrogùn ni. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè mú ohun mìíràn tó bá a mu wá, apàlọ́ nìkan ni yóò sì sọ bóyá òun gbà á. Olóbó cryptic kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn rí ló wà nínú rẹ̀: ìtumọ̀ ìdáhùn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, ìfọ̀rọ̀dárà tó ń to àwọn lẹ́tà rẹ̀ jọ ló gba ìyókù, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti pàdé. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, ẹ kò ní láti bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹ gbà á, nítorí ìdáhùn náà ti jẹ́rìí ara rẹ̀. Adùn tí mo ti ń wá láti bí ọgbọ̀n ọdún nìyẹn.

Ẹ wo èyí tí mo ṣe fún yín: "Store some British opinion", lẹ́tà mẹ́rin. Bí ẹ bá kà á bí a ṣe ń ka gbólóhùn, ẹ ó máa ro bí a ṣe ń kó èrò àwọn Gẹ̀ẹ́sì pamọ́, ibẹ̀ ni ẹ ó sì wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ pa gbólóhùn náà tì, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. "Store" jẹ́ ilé ìtajà. "Some" ní kí ẹ mú apá kan. Ẹ wá wo ibi tí "British" ti parí tí "opinion" ti bẹ̀rẹ̀, "shop" ló sùn síbẹ̀ gbalaja. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lo orúkọ Afrit ló kọ ọ́ ní 1949 pé ẹni tó ń ṣe olóbó lè má ní ohun tó sọ lọ́kàn, ṣùgbọ́n dandan ni kó sọ ohun tó ní lọ́kàn. Ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, irọ́ kò sí. Àwa tí a sì ti ń ka Yorùbá tí wọn kò fi àmì sí láti kékeré, tí a ń rí "oko" nínú ìwé tí a gbọ́dọ̀ pinnu bóyá oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni, irú ìfura yìí kò ṣàjèjì sí wa.

Ní ti ogójì ìṣẹ́jú, ẹ dìde kúrò nídìí rẹ̀. Ìtumọ̀ èké tó ti gba ọkàn yín ni kì í jẹ́ kí ẹ rí òmíràn, kì í sì í lọ níṣojú ẹni. Ìwé atúmọ̀-èdè kò burú. Íntánẹ́ẹ̀tì yóò fún yín ní ọ̀rọ̀ náà, yóò sì gba ìpàdé ọ̀nà méjèèjì lọ́wọ́ yín.

Ìyá Àgbà, Manchester:

Ọmọ mi, òótọ́ ni olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n ohun tó dá èmi dúró jù kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìgbésí ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n á kọ "sailor", wọ́n á máa retí "tar", orúkọ ìnagijẹ atukọ̀, tàbí "AB" (able seaman). Wọ́n á kọ "worker", "ant" ni wọ́n ń wí. "Doctor" lè jẹ́ "GP" (general practitioner), ó sì lè jẹ́ àṣẹ pé kí o da àwọn lẹ́tà rú. Ìwé kékeré kan ni mo rà tí mo ń kọ wọ́n sí. Ọjọ́ tí mo rí i pé "nurse" lè dúró fún "SEN" (State Enrolled Nurse), mo gbé bírò sílẹ̀. SEN ni èmi. Ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni wọ́n darí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wá láti òkè òkun sí, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni ti SRN (State Registered Nurse) tó ń rí ìgbéga, ó sì dùn mí púpọ̀ nígbà náà. Oyè tí wọn kò fún ẹnikẹ́ni mọ́ nìyẹn, ó wá jókòó sínú àpótí funfun mẹ́ta níwájú mi.

Má sì rò pé ọgbọ́n orí nìkan ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2013, Araucaria, àlùfáà ẹni ọdún 91 tó ń ṣe crossword fún Guardian, fi crossword kan sọ fún àwọn tó ń tú iṣẹ́ rẹ̀ pé àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe òun. "Cancer" jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn, "oesophagus" jẹ́ òmíràn, ẹni tí kò bá sì tú u kò lè ka ìròyìn náà tán. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Gba èyí lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ yìí: "Number in some thermometers", lẹ́tà márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Leeds:

Mo dúpẹ́ gidigidi, Màmá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Olùkọ́. "Meter" ni mo kọ́kọ́ kọ, nítorí mo ti rí "some", mo sì rí "meter" nínú "thermometers". Ṣùgbọ́n "meter" kì í ṣe "number", ọ̀nà kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀, mo bá pa á rẹ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ yí aláìsàn mẹ́ta padà lórí ibùsùn. Nígbà tí mo padà dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, mo ka "number" láìpe "b" inú rẹ̀: ohun tó ń mú kí ara kú tipiri. "In" ló ń sọ pé kí n wo inú ọ̀rọ̀ tó kù, "some" gan-an sì wà lára ibi tí wọ́n fi ìdáhùn pamọ́ sí, láti "e" ìparí rẹ̀ wọ inú "thermometers". "Ether" ni, oògùn tí wọ́n fi ń kun aláìsàn lóorun láyé àtijọ́! Mo pariwo débi pé ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.