Gbígba ewì alohùn sílẹ̀ àti dídà á kọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ: ibi tó ti ń bàjẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè àkọ́kọ́ wà lọ́rùn yín. Àwa mélòó kan la fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn níbí; àmì * * * ló ń fi hàn pé ẹlòmíràn ti gba ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù orí tíọ́rì, àmọ́ àdàkọ, ìyẹn kíkọ ohun tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé, ló ń ba iṣẹ́ lórí ewì alohùn jẹ́ jù. Bí ohun tó wà nínú ìwé kì í bá ṣe ohun tó ti ẹnu apohùn jáde, kí lẹ fẹ́ tú palẹ̀?

Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Fóònù tó, kò di dandan kí ẹ ra ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ wá áàpù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní WAV (irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀), 44.1 kHz, bíìtì 16. Wákàtí kan rẹ̀, bó bá jẹ́ stereo, máa ń gba nǹkan bíi megabyte 635, torí náà ẹ pèsè àyè sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí bíi ohùn lásán, ó lè fún un pọ̀ débi pé s àti ṣ á nira láti yà sọ́tọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń lu bàtá sí ẹ̀sà egúngún, ẹ jẹ́ kí fóònù súnmọ́ ẹnu apohùn kó sì jìnnà sí onílù. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ sọ ọjọ́, ìlú àti irú ewì náà sínú ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, fáìlì mẹ́wàá tí orúkọ wọn jọra kò ṣeé dá mọ̀.

* * *

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí àdàkọ gan-an.

Ẹ má kó ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ sínú iṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan ìjálá lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn. ELAN, ètò kọ̀ǹpútà fún àdàkọ tí ilé ìwádìí Max Planck ní Nijmegen ṣe, ọ̀fẹ́ ni: ẹ fi gé ohùn sí ìlà ìlà, ẹ dín eré rẹ̀ kù, ẹ tún un gbọ́. Ẹ lè parí ìlà níbi tí apohùn ti mí, ẹ sì lè parí rẹ̀ níbi tí ìtumọ̀ bá pé sí. Ẹ ṣáà sọ èyí tí ẹ mú, kí ẹ má yí i padà láàárín ọ̀nà.

Bí ẹ ṣe ń kọ ni kí ẹ máa fi àmì ohùn sí i. Ẹni tó ní òun á fi sí i níkẹyìn, ohun tí etí rẹ̀ ti gbàgbé ló fẹ́ fi ọgbọ́n orí wá. Síbẹ̀, etí nìkan kò tó, torí gírámà ń yí ohùn padà. Bí apohùn bá ní "Ọkọ lọ sóko", ohùn òkè á bọ́ sí ìparí "ọkọ", etí yín á gbọ́ "ọkọ́", irinṣẹ́ àgbẹ̀. Ohùn òkè tó ń tẹ̀lé olùwà ni, kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ náà. "Ọkọ" ni kí ẹ kọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀: "ó rà á" gba àmì ìsàlẹ̀, àmọ́ "ó ra aṣọ" kò gbà á, torí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ló tẹ̀lé e. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Ẹ má bá apohùn tún ẹnu rẹ̀ ṣe o! Bí alálámọ̀ Èkìtì (ẹni tó ń ké ewì alámọ̀) bá pe "ulé", "ulé" ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá fi "ilé" sí òpó kejì ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 ni kí ẹ lò: "ènìyàn", kì í ṣe "enia", "àyà", kì í ṣe "aiya". Ohun tí ẹ bá yọ látinú ìwé àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

* * *

Àmì tí ẹ ṣe wàhálà fi sí i náà lè dà yín. Kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún é, ó ní fún ẹ, kò ní fún ẹ́. Kíbọọ̀dù kan á tẹ ẹ, á wá gbé àmì òkè lé e. Òmíràn á tẹ e, á fi àmì sábẹ́, á fi sókè. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè wá "iṣẹ́" nínú fáìlì yín tí kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ ní ìgbà ogún. Ẹ lo kíbọọ̀dù kan dópin, ẹ sì sọ gbogbo fáìlì di NFC (ìlànà tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà tẹ lẹ́tà kan di ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà) kí ẹ tó ka iye ọ̀rọ̀. Fọ́ǹtì Charis SIL àti Doulos SIL ń gbé àmì sí ipò rẹ̀. PDF ni kí ẹ gbé lọ fún ẹni tó ń tẹ̀wé, kí àmì má baà di àpótí.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ewì ti ń wáyé. Níbi ìpà ọdẹ ni wọ́n ti ń sun ìrèmọ̀jé, fún ọdẹ tó kú. Bí ẹ bá ní kí ọdẹ sun ún fún yín ní pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, tó bá kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹkún ìyàwó tí ìyá àgbà kan sun fún yín lórí àpótí ìjókòó, láìsí ọ̀rẹ́, láìsí omijé, ìrántí ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yín. Tí ọlọ́fọ̀ bá ní kí ìlà kan má wọ ìwé, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi àlàfo hàn.

* * *

Èmi ní kékeré láti fi kún un. Àwítúnwí mélòó, àfiwé tààrà mélòó: àtẹ iye lásán kọ́ ni ìtúpalẹ̀. Bí apohùn bá tún orúkọ kan pè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ padà síbẹ̀ nínú ohùn. Ṣé ìlà tó kàn ló ń wá ni? Ṣé onílù ló dá a lóhùn, àbí èrò ló hó? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi àkókò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, bíi 04:12, kí alábòójútó yín lè lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.