Iṣan ojú wú, wọ́n ní MS ni: kí ni ká bi dókítà?

Olùbéèrè: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣe. Ojú ọ̀tún kọ́kọ́ ń dùn ún bó bá ti yí ẹyinjú, ká tó wí ká tó fọ̀, ojú náà ti ṣókùnkùn. Tó bá fi ojú òsì wo ìdérí ìgò pupa, ó pupa fòò. Tó bá fi ọ̀tún wò ó, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá. Wọ́n ní optic neuritis ni, pé iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló wú. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ steroid tó ń mú wíwú lọ sílẹ̀, ojú là díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dín oògùn kù ló tún padà. Ní báyìí wọ́n ní MS ni, àìsàn tí agbára ìdáàbòbò ara fi ń bá ọpọlọ àti iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni jà, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Màmá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kó tó fẹnu kan oògùn yẹn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún antibody AQP4 àti ti MOG, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣèèṣì bá ara ẹni jà. NMO ni tèmi, AQP4 ni antibody rẹ̀. Iṣan ojú àti iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń bá jà, ó sì jọ MS débi pé kí wọ́n tó rí antibody rẹ̀ ní 2004, MS ni wọ́n ń pè é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ibi tó ti léwu ni pé oògùn MS bíi interferon beta àti fingolimod lè mú NMO ru sókè. Àìsàn ti MOG ní tirẹ̀ a máa padà bí wọ́n bá ń dín steroid kù, ìyẹn ló jẹ́ kí n fura.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Òótọ́ ni. Kí MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) náà kan ojú, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ṣé wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì láti ojú kan bọ́ sí èkejì? Nínú ojú tí iṣan rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọmọlójú á máa fẹ̀ nígbà tó yẹ kó sún kì. Kí wọ́n wá sífílíìsì àti ikọ́ ẹ̀gbẹ náà, àwọn náà lè mú iṣan ojú wú, steroid nìkan sì lè dá kún wọn. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá ní kò sí nǹkan, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀yìn steroid ni wọ́n gbà á. Ó lè bo antibody mọ́lẹ̀, wọ́n lè tún un ṣe.

Bàbá Àrẹ̀mọ: Kó má ṣe dá steroid dúró lójijì o! Gíráàmù 1 lójúmọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, fún ọjọ́ 3 sí 5, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ò bá là, kí wọ́n má fi falẹ̀ láti ṣe plasma exchange, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yọ omi ẹ̀jẹ̀ tó ní antibody kúrò. Tó bá jẹ́ NMO, oògùn bíi rituximab tàbí azathioprine ló ń tẹ̀ lé e, torí kó má padà. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ó ti ṣe òsúkè tàbí èébì tí kò gbọ́ oògùn rí?

Olùbéèrè: Hẹ̀n! Kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ ni. Òsúkè tọ̀sán-tòru. Oògùn inú ni wọ́n ń fún un ṣáá, títí tó fi lọ fúnra rẹ̀.

Bàbá Àrẹ̀mọ: Ẹ pe dókítà rẹ̀ lónìí, kí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. NMO a máa bá ibì kan nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń darí èébì jà. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí ìtọ̀ bá há, ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò kankan, pàjáwìrì ni.